Ẹ wo báyáàsì kí ẹ tó ra tiransísítọ̀ mìíràn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ìwé yín kò kan òṣèlú. Ó kan àwọn áńpílífáyà tó ń jóná lójú agbo òde, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn bíi wákàtí méjì tí wọ́n ti tàn wọ́n. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun méjì ni ẹnu àwọn èèyàn máa ń lọ sí: NEPA ló gbé iná tó pọ̀ jù wá, tàbí kó jẹ́ pé ayédèrú tiransísítọ̀ ni wọ́n tà fún ẹni tó tún un ṣe. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, n óò sì dé orí wọn. Ṣùgbọ́n áńpílífáyà tó kọrin fún wákàtí méjì láìyẹsẹ̀, tó wá kú nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tán, báyáàsì rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá pààrọ̀ tiransísítọ̀ láìwo báyáàsì, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Fún àwọn òǹkàwé tí iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwọn: orin tó ń ti ẹnu máìkì tàbí fóònù bọ̀ máa ń gòkè ju òdo lọ, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ òdo. Tiransísítọ̀, ẹ̀yà tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá nínú áńpílífáyà, kò mọ abẹ́ òdo yẹn rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: béèsì tó ń gba àṣẹ, àti kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà kọjá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gbà, kò sì ní í ṣílẹ̀kùn àfi bí fóltéèjì tó wà láàárín béèsì àti ẹmítà rẹ̀ bá súnmọ́ 0.65V. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún un ní kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ tí yóò ti máa ṣàn nínú rẹ̀ kí orin tó dé, kí orin wá máa bù kún un tàbí kó máa bù nínú rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì ìdúródè yẹn, àti bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀, là ń pè ní báyáàsì. Bó bá kéré jù, ohùn á máa họ, pàápàá nígbà tí ẹ bá yí i wálẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ooru ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé 0.65V yẹn kì í dúró sójú kan. Bí ara tiransísítọ̀ ṣe ń gbóná sí i ni fóltéèjì tó ń béèrè kó tó ṣí ń dínkù, ní nǹkan bí 2mV fún dígírì kọ̀ọ̀kan (ẹgbẹ̀rún mV ló wà nínú 1V, bẹ́ẹ̀ náà ni mA sí A). Ká ní ó gbéra láti 25°C dé 65°C, 80mV ti lọ nìyẹn. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ 18mV péré tí a bá fi kún fóltéèjì béèsì ti tó láti sọ kọ́rẹ́ǹtì di ìlọ́po méjì. Bí a bá mú béèsì gbagidi sójú kan, tí a kò sì fi ohunkóhun sí ẹsẹ̀ ẹmítà, ogójì dígírì yẹn lè sọ 1mA di nǹkan bí 20mA. Ohun kejì tí ooru ń ṣe ni pé ó ń gbé hFE sókè, ìyẹn iye ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì kọlẹ́kítọ̀ fi pọ̀ ju ti béèsì lọ. Ẹ̀kẹta ni kọ́rẹ́ǹtì tó ń jò láti kọlẹ́kítọ̀ wá sí béèsì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ooru bá ti fi nǹkan bí 10°C lé sí i, jíjò náà á di ìlọ́po méjì. Àwọn àgbà tó tún rédíò ṣe láyé tiransísítọ̀ OC71 àti AC128 mọ ẹ̀kẹta yìí dunjú. Jamáníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àwọn yẹn, wọ́n ń jò gan-an, oòrùn ọ̀sán nìkan lè yí ohùn rédíò padà. Láti 1954 tí Texas Instruments ti gbé tiransísítọ̀ sílíkọ́nì jáde fún títà ni ọ̀rọ̀ jíjò ti ń rọlẹ̀. Nínú sílíkọ́nì òde òní, 2mV yẹn ló kù tí a ń bá wọ̀yá ìjà.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn gẹṣin: ooru bí kọ́rẹ́ǹtì, kọ́rẹ́ǹtì padà bí ooru, ooru tuntun tún bí kọ́rẹ́ǹtì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí heat sink, irin tí a de tiransísítọ̀ mọ́ kó lè tutù, kò bá lè kó ooru jáde bó ṣe ń wọlé, eré yẹn kò ní í dúró títí inú tiransísítọ̀ yóò fi yọ́. Kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà á lẹ̀ mọ́ra, gbogbo fóltéèjì páwá sápúláì á sì gba ibẹ̀ wọ sípíkà lọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí sípíkà fi sábà máa ń bá a kú.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kékeré tí máìkì ń wọ̀, tí a fi tiransísítọ̀ kékeré BC547 àti 12V ṣe. BC547 tí ẹ bá rà lọ́jà, hFE rẹ̀ lè jẹ́ 110, ó sì lè jẹ́ 800. Lẹ́tà A, B tàbí C tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló ń sọ apá ibi tó bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ páńẹ́lì (pátákó tí a to àwọn ẹ̀yà mọ́) olówó pọ́ọ́kú máa ń fi rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù) kan ṣoṣo fa béèsì sókè. Ká ní 2.2MΩ ni, tí 5.6kΩ sì wà ní kọlẹ́kítọ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọ béèsì á lé díẹ̀ ní 5µA (ẹgbẹ̀rún µA ni 1mA). Bí hFE bá jẹ́ 110, kọlẹ́kítọ̀ á gba nǹkan bí 0.57mA. Bó bá jẹ́ 200, á súnmọ́ 1mA, inú wa á dùn. Bó bá jẹ́ 450 ńkọ́? Ó fẹ́ gba 2.3mA, bẹ́ẹ̀ 5.6kΩ lórí 12V kò lè jẹ́ kó kọjá 2.1mA. Ni kọlẹ́kítọ̀ bá wólẹ̀ wá sí nǹkan bí 0.1V, ohùn á sì há pátápátá. Páńẹ́lì kan náà, orúkọ tiransísítọ̀ kan náà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì kò ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ayédèrú ni. Ojúlówó ni o; ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un ní báyáàsì ni kò dára.

Ẹ fi rẹsísítọ̀ mẹ́rin ṣe é: 100kΩ láti 12V sí béèsì, 15kΩ láti béèsì sí ilẹ̀ (ojú òdo fóltì), 1kΩ ní ẹsẹ̀ ẹmítà, 5.6kΩ ní kọlẹ́kítọ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú 100kΩ àti 15kΩ kọjá tó 0.1mA, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí béèsì ń mu, nítorí náà béèsì kò lè fà á wálẹ̀ lọ títí. Bí hFE bá jẹ́ 110, kọ́rẹ́ǹtì á jẹ́ 0.82mA, bó bá jẹ́ 800, á jẹ́ 0.90mA. Kọlẹ́kítọ̀ á wà láàárín 7.0V sí 7.4V, ẹ ì báà kó BC547 mẹ́wàá tí ìyá wọn yàtọ̀ síbẹ̀. Bí ooru bá sì fi 40°C lé sí i, kọ́rẹ́ǹtì kò ní í fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sókè. Iṣẹ́ 1kΩ nìyẹn. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá fẹ́ ga, fóltéèjì orí 1kΩ á ga pẹ̀lú rẹ̀, béèsì kò kúrò níbi tó wà, àlàfo tó kù láàárín béèsì àti ẹmítà á dínkù, tiransísítọ̀ á sì fọwọ́ ara rẹ̀ dín iná kù. Ẹ má jẹ́ kí fóltéèjì orí rẹsísítọ̀ ẹmítà yìí kéré ju 0.8V sí 1V lọ bí ẹ bá ń ṣe tiyín, torí 80mV tí ooru ń mú lọ kò já mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1V, àmọ́ ó pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.1V.

Ọ̀nà àárín kan wà tí àwọn tí kò láàyè fún rẹsísítọ̀ mẹ́rin ń lò: kí wọ́n mú rẹsísítọ̀ béèsì kúrò ní 12V, kí wọ́n so ó mọ́ kọlẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀, ká ní 1MΩ. Kọ́rẹ́ǹtì á máa rìn láti 0.77mA dé bíi 1.66mA bí hFE bá ti 110 lọ sí 800. Kò dára tó ti mẹ́rin, àmọ́ kò ní í há.

Kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí ìró kọjá, tó sì ń dí iná tó dúró sójú kan) 220µF ni a máa ń fi gun 1kΩ ẹmítà yẹn kí ìró lè kọjá láìfara gbá a. Pẹ̀lú rẹ̀, ìpele yìí ń sọ ohùn di bí ìlọ́po 190 bí kò bá sí ẹrù, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn náà, níwájú rẹ̀. Láìsí i, ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀ ni. Àrékérekè kan wà níbí tó ti fi ọjọ́ ṣòfò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí kapásítọ̀ náà bá gbẹ, ohùn á lọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi mítà wọn béèsì, ẹmítà àti kọlẹ́kítọ̀, ẹ ó rí 1.5V, 0.9V àti 7V bó ṣe yẹ. Báyáàsì kò mọ̀ pé kapásítọ̀ ti kú. Ti kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà béèsì yàtọ̀ sí èyí: bí ìyẹn bá ń jò, fóltéèjì ìpele tó ṣáájú á máa yọ́ wọlé, béèsì á ga ju 1.5V lọ, kọlẹ́kítọ̀ á sì rọlẹ̀. Nítorí náà ẹ wọn fóltéèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì.

Ìpele tó ń gbé sípíkà ni iná ti ń jó ilé. Lórí ọ̀pọ̀ páńẹ́lì tó wà lọ́jà wa, tiransísítọ̀ ńlá 2SC5200 àti 2SA1943 ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà, tiransísítọ̀ kékeré méjì tó ń ti àwọn náà sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní dráífà. Béèsì dráífà òkè àti béèsì dráífà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní nǹkan bí 2.4V, torí ìlẹ̀kùn 0.6V mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń di 2.4V yìí mú ni tiransísítọ̀ kan tó máa ń jẹ́ BD139, tí ìwé ń pè ní Vbe multiplier. Èmi ń pè é ní ẹ̀ṣọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí: fóltéèjì béèsì-sí-ẹmítà tirẹ̀ (Vbe) ni rẹsísítọ̀ méjì ń sọ di púpọ̀. Bí 2.2kΩ bá wà láàárín kọlẹ́kítọ̀ àti béèsì rẹ̀, tí 680Ω pẹ̀lú prísẹ́ẹ̀tì (rẹsísítọ̀ tó ṣeé fi sikudiráfà yí) 500Ω sì tò tẹ̀lé ara wọn láàárín béèsì àti ẹmítà, ẹ lè yí i láti nǹkan bí 1.8V dé 2.6V. Kò lè kọjá ibẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ yín wúwo tó lórí sikudiráfà.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí mo fi prísẹ́ẹ̀tì sí. Prísẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó máa ń tètè bàjẹ́ lórí páńẹ́lì. Eruku á wọ ibi tí apá rẹ̀ ti ń kan ojú ọ̀nà, á sì já. Bó bá já nígbà tó wà láàárín béèsì àti ẹmítà, ẹ̀ṣọ́ á ṣí sílẹ̀ gan-an, fóltéèjì á bọ́ sí 0.6V, ohùn á họ, kò sí ohun tí yóò jó. Bó bá jẹ́ pé apá kọlẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi í sí tó wá já, ẹ̀ṣọ́ á tì pa, fóltéèjì á fò sókè, tiransísítọ̀ ńlá kò ní í rí ìṣẹ́jú kan gbé. Páńẹ́lì tí wọ́n ṣe báyìí wà lọ́jà. Ẹ tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn páńẹ́lì kí ẹ tó rà á. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé prísẹ́ẹ̀tì lọ sí àárín béèsì àti ẹmítà.

Ọ̀rọ̀ gan-an wá dé. Kí ló dé tí a fi ń lo tiransísítọ̀ fún ẹ̀ṣọ́, tí a kò kàn fi rẹsísítọ̀ ṣe é? Torí pé òun náà ń fi 2mV dínkù fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ìdínkù yẹn di bí ìlọ́po mẹ́rin, 8mV, gẹ́lẹ́ bí ìlẹ̀kùn mẹ́rin tó ń ṣọ́ ṣe ń dínkù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ ohun tí kò mọ̀ lára. Bí BD139 bá dá dúró lórí páńẹ́lì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, tí àwọn tiransísítọ̀ ńlá sì wà ní 80°C lórí heat sink, ó gbà pé ara tù gbogbo wọn, 2.4V ló ṣì ń gbé fún wọn nígbà tó yẹ kó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 2.0V. Ibẹ̀ ni áńpílífáyà tó kọrin fún wákàtí méjì ti ń kú. Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, tí áńpílífáyà kan wà ní ṣíṣí níwájú yín, ẹ wò ó báyìí: níbo ni ẹ̀ṣọ́ wà?

Orí heat sink kan náà pẹ̀lú àwọn tiransísítọ̀ ńlá ni kí ẹ de ẹ̀ṣọ́ mọ́, ní àárín wọn. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ dè é mọ́ orí ọ̀kan nínú wọn, lójú ike rẹ̀, torí heat sink máa ń pẹ́ kó tó gbóná, àmọ́ inú tiransísítọ̀ ti gbóná kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀yìn BD139 tó ní irin, kọlẹ́kítọ̀ ni, nítorí náà máíkà, awẹ́ tín-ín-rín tó ń dí iná lọ́nà, gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, wáyà mẹ́ta tí ẹ lọ́ pọ̀, tí kò gùn, ni kí ẹ fi fà á. Kí ẹ sì so kapásítọ̀ 100nF mọ́ kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà rẹ̀ lórí páńẹ́lì kí ó má baà máa hu. Áńpílífáyà tí a tò lọ́nà Sziklai, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń so dráífà mọ́ tiransísítọ̀ ńlá, yàtọ̀: níbẹ̀, dráífà ló ń pinnu báyáàsì, ara dráífà sì ni ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá gbé e lọ sórí àwọn ńlá yóò rí i pé bí ẹ̀rọ bá ti gbóná ni ohùn ń họ, torí ẹ̀ṣọ́ ń dín iná kù fún ẹni tí ara rẹ̀ tutù. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ díẹ̀ bí dráífà bá wà lórí irin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tiransísítọ̀ NJL3281D àti NJL1302D ti fi dáyóòdù sínú ara wọn fún iṣẹ́ yìí, wọ́n dára, àmọ́ ẹsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ní, wọn kò lè rọ́pò 2SC5200 bẹ́ẹ̀ ṣáá.

Rẹsísítọ̀ 0.22Ω 5W tó funfun bíi bíríkì kékeré, tó wà lẹ́sẹ̀ ẹmítà tiransísítọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí tiransísítọ̀ méjì bá jọ ń gbé ẹrù, tí Vbe wọn fi 20mV yàtọ̀ síra, láìsí 0.22Ω ọ̀kan á máa gba ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Òun ni yóò gbóná jù, gbígbóná náà á tún mú un gbà sí i, títí yóò fi kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan ẹnìkejì. Pẹ̀lú 0.22Ω, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbé 2A, 0.44V wà lórí rẹsísítọ̀, 20mV yẹn kò lè fa ìyàtọ̀ tó ju nǹkan bí 90mA lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé ó ti jó, tó wá fi wáyà so ojú rẹ̀, ti dá ikú fún àwọn tiransísítọ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ nìyí. Ẹ so gílóòbù 100W mọ́ wáyà iná tó ń wọ áńpílífáyà, kí gbogbo iná gba inú rẹ̀ kọjá. Gílóòbù tó ní òwú tó ń gbóná ni mo wí. LED kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ yọ sípíkà kúrò, ẹ so ẹnu ìwọlé orin mọ́ ilẹ̀. Ẹ yí prísẹ́ẹ̀tì sí ibi tí ẹ̀ṣọ́ yóò ti gbé fóltéèjì tó kéré jù, ìyẹn ibi tí rẹsísítọ̀ béèsì-sí-ẹmítà ti pọ̀ jù. Kí ẹ tó taná, ẹ fi mítà wò ó láàárín ẹ̀yìn tiransísítọ̀ kọ̀ọ̀kan àti heat sink. Kò gbọ́dọ̀ ké. Ẹ taná: gílóòbù á tàn yòò, kapásítọ̀ páwá sápúláì á kún, á sì ṣú. Bó bá tàn tí kò ṣú, ẹ pa á, nǹkan kan ṣì ti so pọ̀ níbì kan, tiransísítọ̀ yín sì wà láàyè síbẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ibi tí sípíkà ń gbé. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 50mV sí ilẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì fọwọ́ kan báyáàsì, ìpele tó ṣáájú ni àìsàn wà.

Lẹ́yìn èyí ẹ yọ gílóòbù, torí ó ń jẹ fóltéèjì, báyáàsì tí ẹ bá ṣètò pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ẹ fi mítà sí ẹmítà 2SC5200 àti ẹmítà 2SA1943, kí rẹsísítọ̀ 0.22Ω méjèèjì wà láàárín ẹnu mítà, kí mítà sì wà lójú ìwọ̀n 200mV. Ẹ yí prísẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí mítà yóò fi kà 11mV, 25mA nìyẹn. Ọwọ́ àwọn kan máa ń yá, wọ́n á sọ pé bí báyáàsì bá pọ̀ ohùn á dùn, wọ́n á gbé e dé 200mA. Lórí páwá sápúláì +35V àti -35V, tiransísítọ̀ méjì yẹn á máa yan ara wọn pẹ̀lú 14W láìsí orin kankan. Bí irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, 56W. Ní 25mA, kò tó 2W.

Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wò ó, kí ẹ tún un yí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á ṣètò rẹ̀ ní tútù, wọ́n á dé e, ó tán. Ẹ so ẹrù, ìyẹn sípíkà, mọ́ ọn, kí ó kọrin kí heat sink gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ pa orin, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà láàárín 8mV sí 15mV, ẹ̀ṣọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ka 40mV, tó sì ń lọ sókè lójú yín, ẹ pa á kíá. Ẹ̀ṣọ́ kò mọ ooru náà lára, kí ẹ lọ tún ibi tó wà ṣe. Yíyí prísẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nìkan kò tó, á kàn mú kí ohùn họ ní tútù, kó sì tún máa jó ní gbígbóná.

Lórí heat sink, ẹ ṣọ́ra fún 150W tí wọ́n kọ fún 2SC5200. Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà ní 25°C ni. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dé 100°C, 60W péré ló kù tó lè gbà, torí inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 150°C. Lórí ±35V pẹ̀lú sípíkà 8Ω, ooru tí tiransísítọ̀ méjèèjì lè mú jáde pọ̀ jù lọ súnmọ́ 31W. Heat sink tó ń fi 1°C ga fún wáàtì kọ̀ọ̀kan, níbi tí afẹ́fẹ́ wà ní 35°C, á dé 66°C. Inú tiransísítọ̀, tí a bá fi ti máíkà kún un, á wà ní nǹkan bí 87°C. Kò séwu. Ẹ wá so sípíkà 8Ω méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lóde, ó di 4Ω: ooru di 62W, heat sink lọ sí 97°C, inú sì dé bíi 138°C. Ìyẹn láìtíì ka pé sípíkà gidi le ju rẹsísítọ̀ tí a fi ṣe ìṣirò lọ. Fáànù ló lè gbà yín níbẹ̀, kí ó máa fẹ́ gba àárín eyín heat sink, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ọyẹ́ kúrò láàárín wọn. Gíríìsì funfun tí a ń fi sáàárín tiransísítọ̀ àti heat sink, tín-ín-rín ni. Èyí tó nípọn bíi bọ́tà lórí búrẹ́dì ń dí ooru lọ́nà.

Ti NEPA: páwá sápúláì àwọn ẹ̀rọ yìí kò ní ohun tó ń dá fóltéèjì dúró. Bí iná, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí gọ́fánọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, bá gbé 270V wá dípò 230V, ±35V á di bíi ±41V, ooru á sì fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sókè. Báyáàsì tó péye lè gba èyí mọ́ra. Báyáàsì tó ti wà létí bèbè kò lè gbà á. Ti ayédèrú náà: wọ́n pọ̀, àwo sílíkọ́nì inú wọn sì máa ń kéré ju ti ojúlówó lọ, bí ẹ bá fọ́ èyí tó ti kú ẹ ó rí i. hFE tí mítà ń kà kò lè tú wọn fó, torí kọ́rẹ́ǹtì tíntìntín ni mítà fi ń wọ̀n, kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 5A. Bí ẹ bá fẹ́ to tiransísítọ̀ pọ̀, ẹ rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà láti inú páálí kan náà, ẹ má fi tuntun kan ti ògbólógbòó mẹ́ta lẹ́yìn.

Ohun tí mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó páńẹ́lì wọlé àti àwọn tó ń tò ó níbí ni nǹkan mẹ́ta péré, kò sì ní í gbà wọ́n lówó púpọ̀: kí wọ́n tẹ iye mV báyáàsì sára páńẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ prísẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yọ pín-ìnnì kékeré méjì síta níbi tí ẹnu mítà yóò gùn, kí wọ́n sì gbé ihò BD139 lọ sí etí páńẹ́lì níbi tí heat sink yóò wà. Bí ẹ̀yin olóòtú bá lè ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ lójú ìwé fún irú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ báyìí, mo ṣetán láti kọ èyí tó kan MOSFET IRFP240, irú tiransísítọ̀ mìíràn, tẹ̀lé e, torí ooru ń ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Atúnrédíò-ṣe kan,
Ìbàdàn.